Ta Ló Sọ Pé Ìgboyà Ló Ń Ṣáájú Iṣẹ́?

Ẹ bi ẹni tó ti ń gbèrò iṣẹ́ ńlá kan láti ọjọ́ pípẹ́ pé kí ló ń dá a dúró, á ní òun ṣì ń múra sílẹ̀ ni. Ẹ fún un ní ọdún kan kí ẹ tún bi í, èsì ò ní yàtọ̀: "Ọkàn mi ò tíì gbé e." Ì báà jẹ́ ìwé ló fẹ́ kọ, ì báà jẹ́ èdè tuntun ló fẹ́ gbọ́, ì báà jẹ́ ẹ̀rọ kan ló fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ tò pọ̀, ohun kan náà ló ń retí: àárọ̀ ọjọ́ kan tó máa jí tí kò ní bẹ̀rù mọ́, tí àyà rẹ̀ á ti kì, tí ọkàn rẹ̀ á sì pa pọ̀ sójú kan.

Èrò tó wà nídìí ìrètí yìí, tọmọdé tàgbà ló gbà á gbọ́: pé ìgboyà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó dùn ún gbọ́, ó sì jọ òótọ́, àmọ́ ṣe ni wọ́n gbé iwájú rẹ̀ sẹ́yìn. Ìgboyà kì í ṣe owó tí a fi ń dá òwò yìí sílẹ̀. Èrè òwò náà ni, ẹni tí kò sì tíì pàtẹ rárá, kí ló ń wá èrè kiri sí?

Ibi tí àṣìṣe yìí ti ń wá ò ṣòroó rí. Ẹni tó ti ṣe tán là ń pàdé. Kí orúkọ rẹ̀ tó dé etí wa, ó ti wà lórí pèpéle, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí àyà rẹ̀ ò já rí, àwa náà á wá rò pé bó ṣe rí láti ọjọ́ kìíní nìyẹn. Kò sẹ́nì kankan nínú wa tó wà níbẹ̀ lóru tó ń kọ ọ́, tó ń pa á rẹ́, tó ń tún un kọ, tó tún ń pa á rẹ́.

Ní òpin àwọn ọdún 1960, Albert Bandura, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ṣe ìdánwò kan pẹ̀lú àwọn tó ń bẹ̀rù ejò gan-an. Wọ́n pín wọn sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Àwọn kan fara balẹ̀ jókòó, wọ́n ń fọkàn yàwòrán ejò títí ara wọn á fi rọ̀. Àwọn kan ń wo fíìmù àwọn tó ń fi ejò ṣeré. Ọ̀wọ́ kan sì wà tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ẹni tó di ejò mú gan-an ni wọ́n dúró sí. Wọ́n kọ́kọ́ wo bó ṣe ń ṣe é, lẹ́yìn náà ó fà wọ́n mọ́ra kí àwọn náà fọwọ́ kàn án díẹ̀díẹ̀. Wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n fọwọ́ kan ara ejò náà, wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́, wọ́n tún fọwọ́ kàn án. Ọ̀wọ́ yìí ló gbọn ẹ̀rù dànù ju gbogbo àwọn yòókù lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò níbẹ̀ ni pé ẹ̀rù ṣì wà lára wọn nígbà tí wọ́n nawọ́. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dúró kó kọ́kọ́ lọ. Ọwọ́ kan ejò, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Lọ́dún 1977, Bandura to àwọn ohun tó ń mú kí èèyàn gbà pé òun lè ṣe nǹkan kan, ó ní kò sí èyí tó lágbára tó pé kí onítọ̀hún ti ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwúrí wà lára ohun tó tò lóòótọ́, àmọ́ kò sún mọ́ òkè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ìyẹn nígbà míì tí ẹ bá fẹ́ lo odidi alẹ́ kan nídìí fídíò àwọn tó ń pariwo pé ẹ lè ṣe é.

Ẹlòmíì á ní, "Ó dáa, mo ti gbọ́. Tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù á lọ." Ìyẹn náà ò dájú o. Pablo Casals, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì tó wà lára àwọn tó mọ sẹ́lò, ohun èlò orin olókùn ńlá kan, ta jù lọ láyé ìgbà rẹ̀, sọ fúnra rẹ̀ pé ẹ̀rù orí pèpéle ò fi òun sílẹ̀ rí. Lọ́dún 1901, òun àtàwọn míì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí Òkè Tamalpais ní California nígbà tí òkúta kan yí wálẹ̀ tó sì run ìka ọwọ́ òsì rẹ̀, ọwọ́ tí wọ́n fi ń tẹ okùn sẹ́lò. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé, ọpẹ́ o, òun ò ní ta sẹ́lò mọ́! Ọwọ́ náà san, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ní October 1971, ó ṣì ta á níwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé, ó ti di ẹni ọdún 94. Tó bá jẹ́ pé ó dúró kí àyà rẹ̀ má já mọ́ ni, ta ni ì bá gbọ́ orúkọ rẹ̀?

Èyí tó wù mí jù nínú irú ìtàn yìí ni ti Ferdinand Cheval, ẹni tó ń pín lẹ́tà ní abúlé Hauterives nílẹ̀ Faransé. Kò kọ́ṣẹ́ bíríkìlà, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń yàwòrán ilé. Ó lá àlá pé òun kọ́ ààfin kan, àmọ́ kò sọ fún ẹnì kankan kí wọ́n má bàa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lójú òun alára gan-an, ọ̀rọ̀ náà jọ ti ẹ̀fẹ̀. Nǹkan bí ọdún 15 kọjá. Bí dídúró bá ń mú ìgboyà wá, ó yẹ kó ti kún inú rẹ̀ fọ́fọ́ lẹ́yìn ọdún 15. Rárá o, ṣe ló kù díẹ̀ kó gbàgbé àlá náà pátápátá.

Ní April 1879, tó ti pé ẹni ọdún 43, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ òkúta kan lẹ́nu iṣẹ́, díẹ̀ ló kù kó ṣubú. Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó rí i pé òkúta náà rí bákan, ó lẹ́wà, ó sọ ọ́ sápò. Lọ́jọ́ kejì ó padà síbẹ̀, ó rí àwọn míì tó tún dára jù ú lọ. Bí ààfin ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àpò ló kọ́kọ́ ń kó wọn sí. Nígbà tí àpò ò gbà á mọ́, ó gbé apẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ń to òkúta jọ sí ẹ̀bá ọ̀nà bó ṣe ń pín lẹ́tà lọ, tó bá di ìrọ̀lẹ́ a ti bárò jáde lọ kó wọn. Òru ló fi ń kọ́lé, pẹ̀lú àtùpà. Àwọn ará abúlé ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ọdún 33 ló fi kọ́ ọ, ó parí rẹ̀ lọ́dún 1912. Ààfin náà ṣì wà níbẹ̀, ó gùn tó mítà 26, ìjọba ilẹ̀ Faransé sì kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí òfin ń dáàbò bò lọ́dún 1969.

Ẹ jẹ́ ká padà sí òkúta àkọ́kọ́ yẹn. Ìgboyà mélòó ni ọkùnrin yìí nílò lọ́jọ́ náà? Kì í ṣe èyí tó tó kọ́ ààfin. Kò nílò ju èyí tó tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mú òkúta kan. Àwa tá a jókòó pa, gbogbo ìgboyà ọdún 33 la fẹ́ kó jọ sínú àyà kan ṣoṣo ká tó gbé ẹsẹ̀, kò sì sí àyà tó gba ìyẹn.

Èrò yìí ní àbúrò kan. Òun ló ń sọ fún wa pé ọkàn ò lè pa pọ̀ àfi tí àyè bá gbòòrò: kí n gba ìsinmi ná, kí n fiṣẹ́ sílẹ̀ ná, kí àwọn ọmọ dàgbà ná. Cheval pín lẹ́tà títí di ọdún 1896 tó fẹ̀yìn tì, ìyẹn ni pé ọdún 17 ló fi da iṣẹ́ méjèèjì pọ̀. Àyè tó pọ̀ kọ́ ló ń mú ọkàn pa pọ̀. Ohun tó ń fọ́n ọn ká ni ká wo. Lọ́dún 2009, Sophie Leroy ṣàlàyé látinú ìwádìí rẹ̀ pé tí èèyàn bá fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ bọ́ sórí òmíràn, pàápàá tí èyí tó fi sílẹ̀ ò bá tíì parí, apá kan ọkàn rẹ̀ máa ń ṣẹ́ kù sídìí ti àkọ́kọ́, iṣẹ́ tó bọ́ sí á sì jìyà rẹ̀. Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ rèé: ogójì ìṣẹ́jú tí fóònù fi wà nínú yàrá míì wúlò ju odidi Sátidé tí ẹ ń fi ojú kan wo iṣẹ́, tí ẹ ń fi ojú kejì wo ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́.

Nǹkan kejì tó ń fọ́n ọkàn ká ni pé iṣẹ́ tí a gbé síwájú rẹ̀ ò lójú. Ẹ wo ẹni tó ní òun fẹ́ "ṣiṣẹ́ lórí ìwé òun" lálẹ́. Ó ṣí kọ̀ǹpútà ní aago mẹ́jọ. Ó ka ohun tó kọ lánàá, ó yí lẹ́tà rẹ̀ padà kó lè tóbi díẹ̀, ó tún dá a padà sí bó ṣe wà. Ó rántí pé ó yẹ kóun wá ọ̀rọ̀ kan wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìgbà tó máa gbójú sókè, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ti lù. Á wá sọ pé òun ò ní ìpọkànpọ̀. Irọ́ ló ń pa mọ́ ara rẹ̀. Kò sí ohun tó fún ọkàn náà kó pa pọ̀ lé lórí ni. Ká ní ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti àná pé, "Ibi tí ọmọ náà ti kan ilẹ̀kùn tí bàbá rẹ̀ ò ṣí i, ibẹ̀ ni màá kọ," ọ̀nà á ti là. Peter Gollwitzer, tó ti ṣèwádìí lórí irú ọ̀rọ̀ yìí fún ọdún púpọ̀, kọ ọ́ lọ́dún 1999 pé ẹni tó so ìpinnu rẹ̀ mọ́ àkókò àti ibì kan pàtó, bíi "tí mo bá ti fọnu tán láàárọ̀, ìdí tábìlì ni mo kọrí sí," sábà máa ń mú un ṣẹ ju ẹni tó kàn ní òun máa gbìyànjú lọ.

Ti ọjọ́ 21 tí wọ́n ní nǹkan á fi mọ́ èèyàn lára, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ dókítà kan tó ń tún ojú èèyàn ṣe, Maxwell Maltz, ló ti wá, lọ́dún 1960. Ó ṣàkíyèsí pé ó máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ 21 kí ojú tuntun tó mọ́ àwọn tó wá sọ́dọ̀ rẹ̀ lára, àwọn èèyàn bá sọ ọ́ di òfin fún gbogbo nǹkan. Nígbà tí Phillippa Lally àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London tọpa èèyàn 96, ọjọ́ 66 ló jẹ́ ní ìpíndọ́gba, àwọn kan tètè débẹ̀ ní ọjọ́ 18, ìṣirò sì fi hàn pé ó lè gba ẹlòmíì tó ọjọ́ 254. Èyí tó yẹ kó fi yín lọ́kàn balẹ̀ ni pé pípa ọjọ́ kan jẹ ò ba nǹkan jẹ́ fún wọn.

Àwọn kan á ní kí ẹ kéde rẹ̀ fáyé gbọ́, kí ìtìjú lè máa tì yín lẹ́yìn. Ẹ rọra o. Lọ́dún 2009, Gollwitzer àtàwọn míì rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹlòmíì ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ dà, títí kan àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin, ò ṣiṣẹ́ tó àwọn tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ nípa tiwọn. Ó jọ pé ìkíni ti dé kí iṣẹ́ tó dé. Andrew Wiles, onímọ̀ ìṣirò tó yanjú ìṣòro ìṣirò kan tí Fermat, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi sílẹ̀, tí kò sì ní ojútùú fún ohun tó lé ní 350 ọdún, fi iṣẹ́ náà ṣe àṣírí fún nǹkan bí ọdún méje. Ìyàwó rẹ̀ mọ̀, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan sì mọ̀ nígbà tó kù díẹ̀ kó parí. Ó kéde rẹ̀ ní June 1993, wọ́n rí àléébù ńlá kan nínú rẹ̀, gbogbo ayé sì ń wò ó. Ó lé lọ́dún kan kí òun àti Richard Taylor tó dí ihò náà ní September 1994, ó sì ti ń ronú àtijáwọ́ kó tó rí ojútùú. Ẹ̀rù padà wá bá a lẹ́yìn ọdún méje iṣẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọdún méje náà wà nílẹ̀ tó lè fẹ̀yìn tì.

Mi ò sọ pé kí ẹ di etí sí gbogbo ẹ̀rù. Ẹ̀rù míì wà tó mọ ohun tó ń sọ. Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ ohun tó ń wí sílẹ̀ ní pàtó. Tó bá ń sọ pé owó ilé máa tán lóṣù kẹta, tàbí pé ara yín ò le tó láti máa ṣàìsùn, ọ̀rọ̀ gidi ló ń sọ, ẹ kọ́kọ́ dá a lóhùn: ẹ má fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ dín wákàtí kù. Èyí tí kò rí nǹkan kan sọ ju "ta lo pe ara rẹ gan-an?" lọ, ẹ jẹ́ kó máa béèrè lọ nígbà tí ẹ bá ń ṣí ojú ìwé tí ẹ dé lánàá.