Àtúnṣe: Àtíkè ọ̀dà kò lè sọ omi ẹ̀gẹ́ di omi mímu

Ìfiránṣẹ́ kan ń lọ lórí WhatsApp láàárín àwọn tó ń yan gaàrí n'Ífẹ̀ àti Iléṣà: pé kéèyàn da ṣíbí mẹ́ta àtíkè funfun tí wọ́n fi ń po ọ̀dà sí dúrọ́ọ̀mù omi ẹ̀gẹ́, kó gbé e sóòrùn fún wákàtí kan, omi náà á sì ṣeé mu. Kì í ṣe òótọ́. Ẹ má mu ún, ẹ má fún ewúrẹ́ mu.

Òótọ́ díẹ̀ wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Titanium dioxide ni orúkọ àtíkè funfun náà. Bí ìtànṣán ultraviolet, ìyẹn ìtànṣán oòrùn tí ojú kò lè rí, bá bà á, ó lè fọ́ ìdọ̀tí inú omi sí wẹ́wẹ́. Àmọ́ nǹkan bíi 5 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ìtànṣán yẹn. Omi ẹ̀gẹ́ sì ki bí ẹ̀kọ mímu: ojú rẹ̀ nìkan ni ìmọ́lẹ̀ ń bà, ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù ṣókùnkùn. Titanium dioxide ti ọ̀dà tún wá yàtọ̀, torí wọ́n sábà máa ń fi nǹkan mìíràn bò ó lára kí oòrùn má baà ṣí ọ̀dà lára ògiri. Iṣẹ́ tí à ń wá gan-an ni wọ́n ti pa.

Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi titanium dioxide fọ́ ìdọ̀tí inú omi máa ń jẹ́ kí omi tòrò ná, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á dà á sí àwo pẹrẹsẹ, wọ́n á máa rò ó lóòrùn, wọ́n á tún sẹ́ àtíkè náà kúrò.

Ẹ dán an wò: abọ́ mẹ́ta, ọ̀kan pẹ̀lú àtíkè lóòrùn, ọ̀kan pẹ̀lú àtíkè nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ọ̀kan láìní àtíkè lóòrùn. Bí gbogbo wọn bá mọ́ bákan náà, sítáàṣì ló kàn lọ sísàlẹ̀. Sáyánáìdì, ìyẹn májèlé inú ẹ̀gẹ́, ò sì ní àwọ̀. Àyẹ̀wò láàbù ló lè fi hàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ síbi tí ẹ ti rí ti àkọ́kọ́.