Oyin sísìn kì í ṣe "gbé e kalẹ̀, kó o máa lọ"

Ẹni tó ní ká gbé àpótí oyin sóko, ká padà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta wá kówó, ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Owó àwọn èèyàn ló wà níbẹ̀, ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀.

Oyin ilẹ̀ wa kì í fara da ìyà. Bí ìjàlọ bá ya wọ àpótí, bí omi bá jìnnà, bí oòrùn bá mú jù, gbogbo wọn á gbéra lọ. Àpótí òfìfo lẹ ó bá. Ìdí nìyẹn tá a fi ń fi gírísì pa ẹsẹ̀ àga tí àpótí dúró lé, tá a sì ń ro ìdí rẹ̀, kí eèrà má baà ti ara koríko gòkè. Eruku sì ń bo gírísì yẹn, ẹ óò tún un pa.

Ẹyin kan ń lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó di oyin òṣìṣẹ́. Agbo oyin tuntun ṣì máa mọ afárá, á tọ́mọ, kó tó ní oyin tó ṣẹ́ kù tá a lè gé.

Afárá tí àwọn oyin kò tíì fi ìda dé lójú ńkọ́? Omi ṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ bá kánjú gé e, á kan nínú ìgò.