Ọ̀nà Ni Owó Oṣù Tíṣà Ń Tán Sí

Bí ẹ bá dé Gáréèjì Ọ̀ffà ní Ìlọrin ní kùtù òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ ó rí wọn. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n gbé báàgì kọ́ èjìká, wọ́n di oúnjẹ ọ̀sán sínú ike, wọ́n sì ká bàtà sínú láílọ́ọ̀nù, torí sálúbàtà ni wọ́n ń wọ̀ títí wọ́n á fi dé ẹnu ilé ìwé. Àwọn awakọ̀ ti mọ̀ wọ́n. "Tíṣà, Òmù-Àrán ku ẹnì kan o!" Òmíràn á bọ́ sílẹ̀ ní Ajàṣẹ́-Ìpo, á wá ọ̀kadà tí yóò gbé e gba ọ̀nà eléruku wọ abúlé. Òmíràn á kọjá Òmù-Àrán lọ sí ìhà Ọ̀sí àti Ìlọ́fà. Aago mẹ́jọ ni àwọn ọmọ ń retí wọn. Bí ilé ìwé bá jáde lọ́sàn-án, wọ́n á tún dúró sẹ́bàá títì, wọ́n á máa nawọ́ sí mọ́tò.

Àwọn wọ̀nyí là ń bá wí lójoojúmọ́ pé wọn kì í tètè dé ibi iṣẹ́, pé wọn kì í tilẹ̀ wá nígbà mìíràn. Èrò tiwa ni pé ìjọba Kwara kò lẹ́nu láti bá tíṣà ìgbèríko wí títí yóò fi kọ́ ilé tí tíṣà lè gbé sí àwọn ìlú àti abúlé yẹn, tí yóò sì fi owó gidi kún owó oṣù ẹni tó bá gbà láti lọ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Láti oṣù keje 2024, 70,000 náírà ni owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin. Ká tiẹ̀ fi 30,000 lé e nítorí pé tíṣà wa ní NCE, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́, ó sì ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ó di 100,000. Ká wá ní 2,500 náírà ló ń ná lójúmọ́ láti lọ àti láti bọ̀, mọ́tò àti ọ̀kadà pa pọ̀. Ogúnjọ́ ló ń lọ lóṣù. 50,000 náírà ti wọlé sọ́wọ́ awakọ̀. A kò tíì ra gaàrí, a kò tíì san owó ilé ìwé ọmọ tirẹ̀, a kò tíì dé ọ̀dọ̀ ìyá tó wà nílé tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, lítà epo tí kò tó 200 náírà fò lọ sí nǹkan bí 500 láàrin ọjọ́ díẹ̀. 30,000 náírà ni owó oṣù tó kéré jù nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ló sì wà fún ohun tó lé lọ́dún kan lẹ́yìn rẹ̀. Tíṣà tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwé rẹ̀ ní Tánkẹ̀ ní Ìlọrin rí ọ̀wọ́n gógó yẹn lọ́jà. Èyí tó ń lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ Ìsin rí i lọ́jà, ó tún ń rí i ní gáréèjì nígbà méjì lóòjọ́. Síbẹ̀, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n fi ń wọn owó fún àwọn méjèèjì.

Ní sáà tó kọjá, a dé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan láàrin Ajàṣẹ́-Ìpo àti Òmù-Àrán. A ò ní dárúkọ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa fìyà jẹ ẹni tó gbà wá lálejò. Obìnrin kan ṣoṣo ló dúró níwájú kíláàsì mẹ́ta tí wọ́n kó sínú yàrá kan: Pàámárì 4, 5 àti 6. Ó ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà méjì sójú bọ́ọ̀dù láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó pín in sí mẹ́ta. Ìṣirò wà lápá òsì, Gẹ̀ẹ́sì wà láàárín, àwọn ìbéèrè ìdánwò àṣejáde wà lápá ọ̀tún. Bó bá kọ iṣẹ́ fún Pàámárì 4, á ní kí wọ́n máa ṣe é, á yí sí àwọn ti 5. Bí ariwo bá sọ lẹ́yìn rẹ̀, kì í wẹ̀yìn, orúkọ ọmọ tó ń pariwo ló máa pè, kì í sì í ṣì í. Bọ́ọ̀dù náà ti ṣá débi pé ó di kí ó fi omi nù ún kí ṣọ́ọ̀kì tó mú. Owó ara rẹ̀ ló fi ra ṣọ́ọ̀kì ọ̀hún. Nígbà tí a jọ ń jáde lọ, ọmọ kan sáré tẹ̀lé e dé ojú ọ̀nà. "Àǹtí, ṣé ẹ máa wá lọ́la?" Ó dá a lóhùn pé, "Bí mo bá rí mọ́tò." Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń ráhùn. Ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni láàrin wọn.

Tíṣà méjì mìíràn ló wà nínú ìwé ilé ìwé náà. Ọ̀kan ti gba tírànsífà lọ sí Ìlọrin, wọn kò sì fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀. Èkejì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ìlú náà tí àwọn òbí ń dá owó fún lóṣooṣù, èyí tí gbogbo wa ń pè ní tíṣà PTA. Nígbà tí iṣu kò tà, kò gba nǹkan kan. Ọjọ́ tí a lọ, oko ló wà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ nìyẹn. Ẹni tó bá mọ ènìyàn lọ́fíìsì á rí tírànsífà gbà, ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni á máa wọkọ̀. Àwọn ilé ìwé kan ní ìgboro Ìlọrin ní tíṣà tó ń jókòó de ara wọn nínú yàrá ìsinmi, nígbà tí ọmọ àgbẹ̀ ní Ìfẹ́lódùn ń wo bọ́ọ̀dù tí wọ́n pín sí mẹ́ta.

Àwọn kan á ní ṣebí wọ́n fọwọ́ sí i nígbà tí wọ́n ń gbaṣẹ́ pé ibi tí wọ́n bá gbé àwọn sí làwọn ó lọ. Òótọ́ ni. Wọ́n á tún béèrè ìdí tí tíṣà kò fi kó lọ sí abúlé náà kó yé wọkọ̀. Àwa náà bi wọ́n, ìdáhùn wọn kò sì yàtọ̀ síra: kò sí ilé. Yàrá tí wọ́n bá rí, kò ní ṣáláńgá, omi jìnnà sí i. Obìnrin kan ní ọkọ tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, kò lè gbé ilé méjì lórí owó oṣù kan. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì 2024, àwọn agbébọn wọ ààfin, wọ́n pa Olúkòrò ti Kòrò. Ní oṣù kọkànlá 2025, wọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Èrúkù, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n kó àwọn olùjọ́sìn lọ, ìjọba sì ti ilé ìwé pa ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mélòó kan ní gúúsù Kwara. Ibi tí ọba kò ti fọkàn balẹ̀ nínú ààfin, a kò lè sọ fún obìnrin kan pé kó lọ máa dá sùn lẹ́yìn ilé ìwé. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé àárín ìlú ni kí wọ́n kọ́ ilé tíṣà sí, kí tíṣà mẹ́rin tàbí márùn-ún jọ máa gbé, kí iná wà, kí kànga wà, kí àwọn fijilanté ìlú sì mọ ibẹ̀ bí wọ́n ṣe mọ ààfin.

Kì í ṣe pé àwa la kọ́kọ́ dá èrò yìí. Ní 5 oṣù kẹwàá 2020, tí í ṣe Ọjọ́ Olùkọ́ Lágbàáyé, Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde owó oṣù àkànṣe fún tíṣà, àlàwáǹsì fún ẹni tí wọ́n bá gbé lọ sí ìgbèríko, àti ilé olówó pọ́ọ́kú fún àwọn tíṣà tó wà níbẹ̀. Ó tún ní kí ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì kúrò ní 60 bọ́ sí 65, kí ọdún iṣẹ́ sì kúrò ní 35 bọ́ sí 40. Apá tó kan ìfẹ̀yìntì yìí di òfin ní 2022. Ti ilé ńkọ́? Gbogbo ìlú tí a dé, a ò rí ẹyọ kan. Apá tó fi ọdún kún iṣẹ́ rí ìbuwọ́lù, apá tó máa jẹ́ kí iṣẹ́ náà ṣeé ṣe fún ọdún márùn-ún sí i ni kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ wo ìyá ẹni ọdún 61 tí orúnkún ń dùn, tó ń gun ọ̀kadà lójú ọ̀nà òkúta lásìkò òjò.

A kò sọ pé ìjọba Kwara jókòó lásán. Láti 2013 ni UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti fòfin de ìpínlẹ̀ yìí lórí owó ètò ẹ̀kọ́, ìjọba tó wọlé ní 2019 ló san owó ìdákejì, ìyẹn ìpín tí ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ti owó UBEC lẹ́yìn, kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Wọ́n tún kíláàsì ṣe, a rí i. Ètò KwaraLEARN tó bẹ̀rẹ̀ ní 2022 fún tíṣà ní tábílẹ́ẹ̀tì tí iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wà lórí rẹ̀. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kíláàsì kan ló ń là sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kíláàsì mẹ́ta ló wà níwájú obìnrin tí a rí. Tábílẹ́ẹ̀tì lè sọ wákàtí tí tíṣà dé, kò lè sọ iye wákàtí tó lò lójú ọ̀nà.

Ó kù ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀, ó sì ń dùn wá jù nítorí ìlú tí a ti ń sọ ọ́. Ìlọrin kò yẹ ní ìlú tí ẹnikẹ́ni ń kọ́ ní bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún olùkọ́. Àwa tí a dàgbà síbẹ̀ rántí owó Àlàmísì tí a máa ń mú lọ fún Ààfáà ní ilé kéwú. Bí ọmọ bá fẹ́ ṣe wólímà, ẹbí á dá aṣọ, wọ́n á pa ẹran, Ààfáà ni yóò sì jókòó síbi tó lọ́lá jù. Bó ti wù kí òbí lówó tó, á bọ́ bàtà kó tó wọlé bá a. Òbí yìí kan náà ló ń fi ìbínú wọ ilé ìwé ìjọba lọ́jọ́ kejì, tí ó ń bú tíṣà níṣojú ọmọ nítorí pé tíṣà ní kí ọmọ náà tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe lára ọmọ rẹ̀.

Lọ́dọ̀ àwọn Ìgbómìnà, oyè ni Tíṣà jẹ́ nígbà kan. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì láti ọgbọ̀n ọdún ṣì ń jẹ́ Bàbá Tíṣà títí ọlọ́jọ́ fi dé. Òun ló ń ka lẹ́tà fún ìlú, òun ló ń kọ èsì. Tíṣà ìgbà yẹn ń gbé láàrin ìlú, ìlú ló ń wá ilé fún un, wọ́n sì ń gbé iṣu lọ fún un lásìkò ìkórè. A mọ̀ pé àwọn àgbà lè bu iyọ̀ díẹ̀ sí i bí wọ́n bá ń rántí. Ṣùgbọ́n ilé yẹn kì í ṣe ìtàn àsọdùn, ògiri àwọn kan ṣì dúró.

Nítorí náà, ìlú pẹ̀lú ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ọdọọdún ni ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú kọ̀ọ̀kan ń pe ọjọ́ ìlú, tí wọ́n ń dá owó kọ́ gbọ̀ngàn àti ààfin. Kí wọ́n yọ ọdún kan sílẹ̀ fún ilé tíṣà oníyàrá márùn-ún. Ìjọba lè bá wọn fi ìdajì sí i, bó ṣe ń fi owó ìdákejì sí ti UBEC.

Àwọn tíṣà PTA tó ní ìwé ẹ̀rí ni kí SUBEB àti TESCOM, àwọn àjọ ìpínlẹ̀ tó ń gba tíṣà síṣẹ́, kọ́kọ́ gbà. Wọ́n ti ń gbé ibẹ̀, wọ́n ní ilé, wọ́n ní oko, àwọn ọmọ mọ̀ wọ́n. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni níṣẹ́ tíṣà sì wà ní Òró, láàrin Ìgbómìnà gan-an, fún àwọn tó kù díẹ̀ káàtó nínú ìwé wọn.

Lórí ẹni tí yóò sanwó, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti dá a ní 11 oṣù keje 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa bọ́ sọ́wọ́ wọn tààrà. Ẹ̀rù ń ba àwọn tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí owó oṣù wọn ń ti inú owó yẹn jáde, kò sì yẹ kí a dá wọn lẹ́bi, torí kò tíì pẹ́ tí wọ́n ń gba owó oṣù lábọ̀ lábọ̀ ní Kwara. Kí wọ́n kọ́kọ́ yọ owó oṣù tíṣà sọ́tọ̀ kí ìjọba ìbílẹ̀ tó fọwọ́ kan èyí tó kù. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ẹ má sì sọ fún tíṣà tó ń wá owó mọ́tò mọ́ pé ọ̀run ni èrè rẹ̀ wà.

Ìwé ètò ìnáwó ìpínlẹ̀ tó ń bọ̀ la ó ti wá a. A ó wo iye ilé tíṣà tó wà nínú rẹ̀, a ó wo orúkọ ìlú tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọ sí, a ó sì wo iye tí wọ́n kọ síwájú àlàwáǹsì ìgbèríko.