Ẹni tó bá jogún ilé ti jogún owó kọ́ṣọ̀n inú rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jogún ilé l'Ékòó, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí. Wọn á sin bàbá tán, aṣọ ẹbí ò tíì gbó, lẹ́tà á ti dé ẹnu ilẹ̀kùn ayálégbé: owó ilé ti di ìlọ́po méjì, kí wọ́n sì tún kọ́ṣọ̀n san, ìyẹn owó tí onílé ń gbà pamọ́ nítorí ohun tí ayálégbé bá bàjẹ́ nínú ilé. Ayálégbé á ní òun ti san kọ́ṣọ̀n fún bàbá. Ọmọ olóògbé á ní, "Bàbá lẹ fún, ẹ ò fún mi."

Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ilé tí ẹ jogún, tòun tọ̀ràn inú rẹ̀ ni. Owó ayálégbé ni kọ́ṣọ̀n, onílé kàn ń bá a tọ́jú rẹ̀ ni. Tó bá ń kó lọ láìba nǹkan jẹ́, ẹ̀yin ọmọ lẹ máa dá a padà fún un, bó tiẹ̀ jẹ́ àpò bàbá ló wọ̀.

Ìyá kan ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ nílé tí bàbá wa fi sílẹ̀ ní Ẹbúté-Mẹ́ta. Nígbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ kí àwọn ayálégbé, màmá ṣí Bíbélì, wọ́n yọ rìsíìtì kan tó ti pọ́n, tó ti fẹ́ẹ̀ ya níbi tí wọ́n ká a sí. Ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá wa ni: owó ilé lọ́tọ̀, kọ́ṣọ̀n lọ́tọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́ sínú ìwé tuntun lójú ẹsẹ̀, a buwọ́ lù ú, a fún màmá ní tiwọn. Ohun tí òfin ilé gbígbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 náà fẹ́ nìyẹn: rìsíìtì ọ̀tọ̀ fún irú owó bẹ́ẹ̀. Òfin yìí ò kan Apápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island, ṣùgbọ́n ó kan Ẹbúté-Mẹ́ta, ó kan Ìsàlẹ̀ Èkó.

Mi ò ní kí ẹ má fi kún owó ilé o. Símẹ́ńtì àti páànù ti gbówó lórí, àwọn ayálégbé kan sì wà tó jẹ́ pé ojú àánú ni bàbá fi ń wò wọ́n látọjọ́ yìí. Òfin ò dárúkọ iye tí ẹ ò gbọdọ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ayálégbé lè gba kóòtù lọ pé àfikún náà pọ̀ jù, adájọ́ á sì wo iye tí wọ́n ń san ládùúgbò. Ẹ yáa wọ àdúgbò kí ẹ bèèrè fúnra yín, kó má jẹ́ ẹnu ajẹ́ǹtì nìkan lẹ máa gbọ́. Ẹ má sì bèèrè owó tó ju ti ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé ọlọ́dọọdún tó ti wà nílé. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin.

Tí ẹ bá pọ̀ lọ́mọ, ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa gbowó, kí ẹ sì fi ìwé sọ fún ayálégbé. Mo ti rí ibi tí ẹ̀gbọ́n gbowó láàárọ̀, tí àbúrò tún wá kan ilẹ̀kùn lálẹ́. Kí ni tayálégbé nínú ìjà ogún? Ní tiwa, ẹ̀gbọ́n mi ló ń gbowó. A fi kún owó ilé lóòótọ́, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà la fún wọn kó tó bẹ̀rẹ̀, kọ́ṣọ̀n bàbá sì wà nínú lẹ́tà kan náà, lórúkọ oníkálùkù.