Ìwádìí Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Tó Ohun Tí À Ń Kọ́ Ọmọ Nílé Ẹ̀kọ́

Ní ọdún 2017, Sam Wineburg àti Sarah McGrew ti Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ ọmọdé kà. Wọ́n kó ènìyàn 45 jọ: onímọ̀ ìtàn 10 tí wọ́n ti gboyè ọ̀mọ̀wé, akẹ́kọ̀ọ́ Stanford 25, àti ènìyàn 10 tí iṣẹ́ òòjọ́ wọn jẹ́ yíyẹ òótọ́ ìròyìn wò. Wọ́n ní kí wọ́n wo ìkànnì ẹgbẹ́ oníṣègùn ọmọdé méjì. American Academy of Pediatrics ti wà láti ọdún 1930, ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ju 60,000 lọ. American College of Pediatricians ní tirẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ kékeré tí àwọn tó yapa kúrò lára ti àkọ́kọ́ dá sílẹ̀ ní ọdún 2002. Púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ti àwọn ayapa yìí ló ṣeé gbára lé jù, àwọn onímọ̀ ìtàn pàápàá sì ń ṣe iyèméjì. Nínú àwọn ayẹ̀ròyìnwò, kò sí ẹyọ ẹnìkan tó ṣìnà.

Kì í ṣe pé wọ́n mọ̀wé ju àwọn yòókù lọ. Wọn kò kàn pẹ́ lórí ìkànnì náà ni. Bí wọ́n ṣe débẹ̀ báyìí ni wọ́n ti ṣí ojú ewé mìíràn, wọ́n tẹ orúkọ ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì ka ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń sọ nípa rẹ̀, nígbà tí àwọn yòókù jókòó ti ìkànnì náà, tí wọ́n ń wo bí ojú rẹ̀ ṣe fani mọ́ra àti àwọn ìwé tó tọ́ka sí nísàlẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó fi ẹnu ìkànnì dá ìkànnì láre, ẹjọ́ ẹnìkan ló gbọ́.

Èrò tiwa ni pé kí ìjọba sọ ìmọ̀ yìí di ẹ̀kọ́ tí ọmọ yóò máa ṣe ìdánwò lé lórí, bí ó ti ń ṣe ti ìṣirò. Ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń sọ lónìí kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n ní ìkànnì tí orúkọ rẹ̀ bá parí sí .org ṣeé gbà gbọ́, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni tó bá lówó lọ́wọ́ ló lè ra orúkọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí ọmọ sá fún Wikipedia, bẹ́ẹ̀ àwọn ìwé tí Wikipedia tọ́ka sí nísàlẹ̀ gan-an ni ẹni tó mọ ìwádìí ń tètè wá lọ.

Ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ sínú ẹ̀rọ ìṣàwárí náà ń darí ohun tí yóò kó wá. Ẹni tó bá tẹ “ewu abẹ́rẹ́ àjẹsára”, ọ̀rọ̀ ewu ló ṣeé ṣe kó pọ̀ jù nínú ohun tí yóò rí kà. Ó lè bá ìwádìí tí dókítà Andrew Wakefield ṣe lórí ọmọ 12 pàdé, tó so abẹ́rẹ́ àjẹsára pọ̀ mọ́ àrùn autism tó ń ṣe ọmọdé, èyí tí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé jáde ní ọdún 1998, kó má sì mọ̀ pé ìwé ìròyìn náà fúnra rẹ̀ ti fagi lé e ní ọdún 2010. Ṣùgbọ́n bí ó bá tẹ orúkọ ìwádìí náà sáàárín àmì àyọlò, kí ẹ̀rọ lè wá a bí ó ṣe wà gẹ́lẹ́, tàbí tí ó fi “site:” ṣáájú orúkọ ìkànnì àjọ ìlera kan, kí èsì lè ti ibẹ̀ nìkan wá, òótọ́ kò ní pẹ́ hàn sí i.

Ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè kò sì dín ìṣòro yìí kù. Ní ọdún 2023, ilé ẹjọ́ kan ní New York bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là lé àwọn agbẹjọ́rò tó kó ẹjọ́ tí kò wáyé rí wá síwájú adájọ́, nítorí pé ChatGPT ló hùmọ̀ wọn, wọn kò sì lọ wò ó níbòmíràn. Amòfin ni wọ́n o! Ó dùn wá pé ọmọ ọdún 12 tí kò sí ẹni tó kọ́ ọ ni a ń fi sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ kan náà.

Kí a kọ́kọ́ dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ ìdánwò, kí a gbé ojú ewé kan síwájú ọmọ, kí a gbà á láyè láti kúrò níbẹ̀ lọ ṣe ìwádìí, kí a wá bi í pé ta ló wà nídìí rẹ̀, àti ibi tí ó ti rí ìdáhùn.