Àwọ̀ ara erè kì í ṣe ọ̀dà

Ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́ pé dúdú àti búráùn nìkan ni erè kékeré tí wọ́n ń pè ní ball python máa ń ní, pé ńṣe ni wọ́n ń kun àwọn funfun àti aláwọ̀ ìyeyè lọ́dà kí wọ́n tó tà wọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Ejò máa ń bọ́ awọ. Bó bá jẹ́ ọ̀dà ni, á bá awọ lọ.

Àbímọ́ ni. Kódà láàárín àwọn tí wọ́n mú nínú igbó Gánà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀, àmì ara wọn kì í dọ́gba. Ti àfín ẹ̀wẹ̀, ọdún 1992 ni Bob Clark, ọ̀kan lára àwọn tó ń sin erè, kọ́kọ́ mú un bímọ ní Amẹ́ríkà. Erè méjì tí àwọ̀ wọn kò yàtọ̀ rárá lè bí àfín, bí àwọn méjèèjì bá gbé àbùdá rẹ̀ pamọ́ sára, gẹ́gẹ́ bí AS méjì ṣe lè bí SS.

Èyí tó dùn mí ni irú tí wọ́n ń pè ní spider: àbùdá tó ṣe ara rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ náà ló ń mú orí rẹ̀ gbọ̀n, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń mú un bímọ nítorí ẹwà rẹ̀.