Ẹ Yé Fi Akọ Eku Ọ̀dọ́ Wádìí Ìrora Ìyá Àgbà

Ọmọ tí ṣíkínpọ́ọ̀sì bá mú yóò gbádùn, ara rẹ̀ á dán, ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì tó fà á kò kúrò lára rẹ̀. Inú iṣan ìmọ̀lára ló ń sá sí, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ó sì lè fara pamọ́ síbẹ̀ fún àádọ́ta ọdún. Bí ara bá ti ń di ara àgbà, tàbí tí àìsàn mìíràn bá gba okun lára ènìyàn, ó lè tún jí. Ìléròrò á sú sí ẹ̀gbẹ́ kan ara, láti ẹ̀yìn yí wá síwájú. Shingles ni àwọn dókítà ń pè é. Ìléròrò yìí á gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àmọ́ ìrora rẹ̀ lè kọ̀ kó má lọ fún oṣù, fún ọdún, pàápàá lára àgbàlagbà. Ìyá tó ti ń ró ìró mọ́ àyà láti ìgbà ọmọge kò ní fẹ́ kí etí aṣọ kan òun mọ́.

Lára eku ni wọ́n ti ń wá ojútùú sí ìrora yìí. Wọ́n á gún eku ní abẹ́rẹ́ fáírọ́ọ̀sì náà ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ìléròrò kò ní yọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà á máa ro ó fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Wọ́n á gbé e sórí àwọ̀n wáyà, olùwádìí á wá máa fi fọ́nrán ọ̀rá tín-ín-rín tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó rọ̀ jù. Èyí tí eku bá torí rẹ̀ fa ẹsẹ̀ sókè ni wọ́n á kọ sílẹ̀. Ní ti HIV, tí òun náà ń ba iṣan ẹsẹ̀ jẹ́, èròjà gp120 tó wà lára kòkòrò náà ni wọ́n ń fi sí iṣan ìmọ̀lára ńlá tó wà ní itan eku.

Ọ̀rọ̀ yìí wúwo lọ́kàn wa. Nínú ìwádìí mìíràn, wọ́n lè fún ẹranko ní oògùn kí ara má baà ro ó. Níbí, ìrora gan-an ni wọ́n ń wá. Síbẹ̀, a kò sí lẹ́yìn àwọn tó ní kí wọ́n fòfin dè é. Lóṣù Kejìlá ọdún 2022, Ààrẹ Biden buwọ́ lu òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí kò sọ ọ́ di dandan mọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ dán oògùn wò lára ẹranko. Ó dára bẹ́ẹ̀ níbi tí ọ̀nà mìíràn bá wà. Ṣùgbọ́n ẹ wo oògùn EMA401. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2014 fi hàn pé ó dín ìrora tí shingles ń fi sílẹ̀ kù. Nígbà tí wọ́n fún ẹranko lò ó pẹ́, ẹ̀dọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ni wọ́n bá dá ìdánwò tó ń lọ lára ènìyàn dúró. Ẹranko ló kó àwọn aláìsàn wọ̀nyẹn yọ. Àwa tí a mọ ohun tí oògùn stavudine fojú àwọn ènìyàn wa rí kò gbọdọ̀ fojú kékeré wo irú èyí. Ó gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ tó ní HIV là ní Nàìjíríà, àmọ́ ẹsẹ̀ ń jó ọ̀pọ̀ wọn lóru, títí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí wọ́n máa yọwọ́ rẹ̀ lọ́dún 2009.

Ohun tó ń bí wa nínú ni irú ẹranko tí wọ́n ń lò. Àgbàlagbà ni shingles ń dà láàmú jù, ó sì ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ. Lọ́dún 2005, Jeffrey Mogil ti Yunifásítì McGill ní Kánádà àti ẹnìkejì rẹ̀ yẹ àwọn ìwádìí ẹranko inú ìwé àtìgbàdégbà Pain wò fún ọdún mẹ́wàá: nínú ọgọ́rùn-ún, 79 ló jẹ́ akọ nìkan ni wọ́n lò. Ọ̀dọ́ sì ni eku wọ̀nyí sábà máa ń jẹ́. Lọ́dún 2015, ìwádìí mìíràn tún fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìrora ró nínú ọ̀pá ẹ̀yìn akọ eku yàtọ̀ sí ti abo. Ta wá ni oògùn tí a rí lára akọ nìkan fẹ́ wò sàn?

Kí eku fa ẹsẹ̀ sókè nìkan kò sì tó. Àwọn olùwádìí Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù kíyè sí i pé eku tí wọ́n fi gp120 sí lára máa ń rìn mọ́ ògiri, kì í fẹ́ jáde sí gbangba. Ìyẹn jọ ìpọ́njú aláìsàn tí kò fẹ́ jáde nílé mọ́ ju ẹsẹ̀ tó gbé sókè lọ.

Láti ọdún 2016 ni àjọ NIH ní Amẹ́ríkà ti ń béèrè pé kí àwọn tó ń gbowó ìwádìí lọ́wọ́ rẹ̀ ro ọ̀rọ̀ akọ àti abo mọ́ iṣẹ́ wọn. Àwọn yunifásítì wa náà ń fi eku dán ewé àti egbò apàrora wò lójoojúmọ́. Kí àwọn ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ìwádìí ẹranko níbẹ̀ dá ìwé ẹnikẹ́ni padà tí kò bá fi abo àti eku tó ti dàgbà kún un, tàbí tí kò sọ ìdí tí kò fi lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n sì gba àdéhùn lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan eku kan ṣoṣo, pé bí oògùn náà kò bá tilẹ̀ ṣiṣẹ́, òun yóò gbé èsì rẹ̀ jáde, kí ẹlòmíràn má baà tún lọ dá ẹranko lóró nítorí ìbéèrè tó ti ní ìdáhùn.